Máṣìn Àwọn Àgbà ní Odìgbó: Kòkó, Owó Oṣù àti Ọ̀nà Tí Kò Dé Aba

Ní ìkóríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ Èkó àti ti Bìní ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun, ìró alùpùpù kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí àwọn àgbàlagbà bá jókòó síwájú ìsọ̀ mẹkáníìkì ládùúgbò bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó mẹ́nu ba máṣìn tí ó kọ́kọ́ ní. Yóò dárúkọ irú rẹ̀, yóò sọ àwọ̀ rẹ̀, ọdún tí ó rà á àti iye tí ó san. Yóò sọ pápá tí ó ti kọ́ ọ gùn, igi tí ó forí sọ lọ́jọ́ náà, àti bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ kọ̀ láti jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ lè ti fò ó lórí. Nọ́ńbà ẹ̀yìn máṣìn náà kò jẹ́ fò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé Bajaj wá kí wọ́n bá a yí ṣéènì rẹ̀ padà yóò máa wò wọ́n tìyanutìyanu. Irin tí òun ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olólùfẹ́.

Ìfẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n irin nìkan kọ́ ni ó bí i. Bí ènìyàn bá fetí sí ọdún tí wọ́n ń dá, yóò rí i pé àwọn ọdún kan náà ni ó ń padà wá sẹ́nu wọn: 1975, àwọn ọdún ìjọba alágbádá láti 1979 sí 1983, àti ọdún mélòó kan tí ó tẹ̀lé 1986. Àwọn ọdún tí owó dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní agbègbè tí kòkó ti jẹ́ olórí ọ̀gbìn, tí ọ̀nà ọkọ̀ kò sì dé ọ̀pọ̀ oko, máṣìn ni ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń rántí ìgbà tí iṣẹ́ wọn níye lórí àti ìgbà tí iye náà fò lọ.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá tó ìtàn. “Alùpùpù” ni ìwé àti rédíò ń pè é, ìró rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́nu ará Oǹdó, ará Ìkálẹ̀ àti àwọn àlejò tí ó bá wọn gbé ní Odìgbó, “máṣìn” ni. “Ọ̀kadà” dé lẹ́yìn gbogbo wọn, kò sì túmọ̀ sí ohun kan náà. Onímáṣìn ń gun ohun ìní rẹ̀. Ọlọ́kadà ń ṣiṣẹ́ ni, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó ń gùn kì í ṣe tirẹ̀. Kí ènìyàn pe Honda àgbàlagbà ní ọ̀kadà, bí ìgbà tí a pe aṣọ òkè ní àkísà ni lójú ẹni tí ó ni ín.

Ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ìlú Odìgbó gan-an, tí ó fún un lórúkọ, wà lójú ọ̀nà Oǹdó, ariwo rẹ̀ kò sì tó ti Ọ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ti Bìní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé ara wọn. Nítorí ìkóríta yìí ni àwọn ọmọ ogun Biafra ṣe forí lé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba Bìní ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, ibẹ̀ náà sì ni “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo Yorùbá. Lẹ́yìn ogun, òpópónà ńlá tí ó so Ṣágámù mọ́ Bìní gba ibẹ̀ kọjá, Ọ̀rẹ̀ sì di ìlú tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn tí ń kọjá lọ ni ọ̀nà yẹn. Kòkó kì í hù létí títì. Inú lọ́hùn-ún ni ó wà, ní àwọn aba tí ó tò lọ títí dé igbó ọba Olúwa, níbi tí àgbẹ̀ láti Oǹdó, láti ilẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Ìbàdàn àti láti ibi tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ti dó sí. Láti àwọn aba kan, ìrìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ni ó wà kí ènìyàn tó fojú kan títì, odò sì wà láàárín, afárá rẹ̀ kò ju igi méjì tí wọ́n dá lé e lọ.

Orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ru kòkó jáde lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ó tẹ̀lé e, ẹni tí ó bá sì ní in ti kúrò ní mẹ̀kúnnù. Yóò de àpò kòkó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò máa tì í lọ. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni ó ń gun olówó rẹ̀. Máṣìn wà nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti òyìnbó, ti ọlọ́pàá àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba ni: BSA àti Triumph láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn ni ilé iṣẹ́ BSA ti Birmingham ń rọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1861, kí ó tó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ìbọn náà ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀ títí tí ó fi wọlẹ̀. Máṣìn wọn wúwo, ìró wọn jinlẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ bí a ti ń fẹsẹ̀ ta wọ́n, wọn a ta á padà lójúgun. Àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni lè gbé e kọjá lórí igi méjì.

Èyí tí ó lè kọjá, Japan ni ó ti wá. Ní 1958 ni Soichiro Honda àti Takeo Fujisawa, ẹni tí ó ń bójú tó òwò ilé iṣẹ́ náà, gbé Super Cub jáde. Wọ́n ní i lọ́kàn pé ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kan gùn ún, kí ó sì fi ọwọ́ kejì gbé àwo rẹ̀. Nítorí náà wọn kò fi kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń yí jíà rẹ̀. Wọ́n fi ike gbòòrò bo iwájú ẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta sí aṣọ. Wọ́n jẹ́ kí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹni tí ó wọ aṣọ gígùn lè gorí rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Odìgbó kò sí lọ́kàn àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pe àgbẹ̀ kòkó kan kí ó wá sọ ohun tí ó ń fẹ́, kò lè rí ohun púpọ̀ fi kún un: máṣìn tí agbádá kò dí lọ́wọ́, tí ẹrẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú, tí epo díẹ̀ tó, tí ọkùnrin méjì sì lè gbé sókè bí afárá bá já. C50, C70 àti C90 ni àwọn tí ó tàn ká. Ní 2017, iye Super Cub tí Honda ti ṣe pé 100 mílíọ̀nù. Kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn tí wọ́n tíì ṣe irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Owó tí ó gbé máṣìn wọ ilé òṣìṣẹ́ ni owó Udoji. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ìjọba fi kún owó oṣù, ìjọba ológun Yakubu Gowon sì gbà á. Nígbà tí 1975 bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó èlé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀, wọ́n ka àwọn oṣù kan tí ó ti kọjá ní ọdún tí ó ṣáájú mọ́ ọn. Owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí ni. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ṣì ń bú owó Udoji títí di òní pé ó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà kì í rántí ọ̀wọ́n ọjà. Honda ni ó ń rántí. Òun ni ó mú un bọ́ lọ́wọ́ kí ó máa dúró de ọkọ̀ akẹ́rù létí igbó, kí ó sì máa dé kíláàsì pẹ̀lú ìrì lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà ní 1979, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ẹ̀kọ́ girama hù ní àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Tíṣà ní láti dé ibẹ̀. Ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó láti fi ra ọkọ̀ tàbí alùpùpù, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ní 1979 náà ni Honda dá ilé iṣẹ́ alùpùpù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Yàtọ̀ sí Honda, Vespa ti Ítálì wà, tí àwọn tíṣà àgbà àti àwọn oníwàásù fẹ́ràn nítorí ó dúró bí àga. Suzuki wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ sáré. Yamaha V50 àti V80 wà, tí ènìyàn kò ní fẹsẹ̀ fò kí ó tó gorí wọn, tí ó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì àti ìyá olùkọ́ lè wọ ìró gùn wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin kan ń pè wọ́n ní máṣìn obìnrin. Àwọn kan náà ń yá a bí tiwọn bá dẹnu kọlẹ̀. Agbẹ̀bí tí ó lè gun V80 dé aba lóru ṣeyebíye ju kí ẹnikẹ́ni fi máṣìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Ìtọ́jú máṣìn nígbà náà súnmọ́ ìtọ́jú ẹṣin. Bí ó bá ti délé láti ọjà, ó di dandan kí wọ́n bọlá fún Ògún, nítorí irin kò ní baba méjì. Àwọn kan a fi àkùkọ tàbí ajá bọ ọ́. Àwọn ọmọ ìjọ a gbé tiwọn lọ síwájú pásítọ̀ kí ó gbàdúrà lé e lórí. Àwọn mìíràn a ṣe méjèèjì, wọn kò sì ní sọ fún pásítọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìwẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ìtẹ́kùn táyà, wọ́n ń nu ibi tí ó ń dán títí ojú ẹni yóò fi hàn nínú rẹ̀. Wọ́n rán aṣọ fún ìjókòó rẹ̀, wọ́n so ìyẹ́ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n lẹ ewì kékeré tàbí orúkọ ọmọ mọ́ ara ike iwájú. Nínú yàrá ni ó ń sùn, kì í ṣe níta. Ìyàwó ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òórùn bẹntiróòlù sì gba yàrá kan. Bí oníyàwòrán bá wọ ìlú lọ́dún, ọ̀gá ilé a jókòó lé e, a fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, a gbé agbádá lé èjìká, ìyàwó á dúró lọ́tùn-ún, àbúrò á di ẹ̀yìn ìjókòó mú. Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ nílé púpọ̀, ó ti pọ́n.

Máṣìn kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, àwọn onímáṣìn a sì máa jiyàn lórí rẹ̀ bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹ́ńjìnnì V50 àti Suzuki kéékèèké ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni; èéfín funfun ń tẹ̀lé wọn, ìró wọn sì ga, a máa ń gbọ́ wọn ní òdìkejì igbó kí a tó rí wọn. Wọ́n yá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí olówó wọn bá gbàgbé láti bu ọ́ìlì sí wọn, ẹ́ńjìnnì a gan. Honda ní tirẹ̀ kì í pariwo, kì í sì jẹun púpọ̀. Wọ́n ń sọ pé ó ń fi òórùn epo rìn. Àbùmọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí epo bá tán mọ́ lọ́wọ́ láàárín igbó mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ayé òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní 1982, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ìjọba Ṣàgàrí sì dín ohun tí a ń kó wọlé láti òkè òkun kù. Owó oṣù tíṣà ń pẹ́, ó sì ń pẹ́ gan-an. Táyà àti púlọ́ọ̀gì di ohun tí a ń wá kiri. Lẹ́yìn náà ni 1986 dé, tí ìjọba Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan; ní 1987, ó ti di bí i náírà mẹ́rin. Máṣìn tuntun tí tíṣà lè fi owó oṣù mélòó kan rà tẹ́lẹ̀ fò kọjá agbára rẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ta èyí tí wọ́n ní. Àwọn kan gbé tiwọn sójú pópó lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n fi í kérò, wọ́n sì bo ojú díẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn má baà dá wọn mọ̀.

Ibí yìí ni ìtàn Odìgbó ti yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú ńlá. Ètò tí ó gba máṣìn lọ́wọ́ tíṣà ni ó gbé e lé àgbẹ̀ kòkó lọ́wọ́. Ní 1986 kan náà ni ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ká, àwọn tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún san owó tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀. Bí náírà ti ń já wálẹ̀, iye náírà tí ó wà lórí kòkó ń gòkè. Àwọn oníṣòwò tí ó ń wá ọ̀nà láti rí owó òkè òkun sáré wọ oko, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ kòkó yàtọ̀ sí obì tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń ra gbígbẹ, wọ́n ń ra tútù, débi pé kòkó Nàìjíríà sọ orúkọ rere rẹ̀ nù fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí ń rà á. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta yẹn, àgbẹ̀ tí kò tíì gun ju kẹ̀kẹ́ lọ gba owó nínú àpò, ó sì sanwó máṣìn lọ́wọ́ kan. Nígbà mìíràn, ti tíṣà ọmọ rẹ̀ gan-an ni ó rà.

Máṣìn tí ó bá àkókò yẹn mu jù lọ ni Honda CG125. Ní 1976 ni Honda gbé e jáde, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ti lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo alùpùpù ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní owó. Wọ́n rí i pé ẹrù ju ẹrù lọ ni wọ́n ń dì lé e, pé wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, pé eruku àti ẹrẹ̀ ń jẹ ṣéènì. Dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn ní ìwà, wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó lè fara da ìwà náà, wọ́n sì fi páànù bo ṣéènì rẹ̀ pátá. Irú òye bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àgbẹ̀ ń di àpò kòkó méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ kan á jókòó lórí táǹkì epo níwájú, ìyàwó á wà láàárín, wọn á sì gba ojú ẹrẹ̀ jáde sí Ọ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Máṣìn yìí ló jẹ́ kí ọmọ aba lè máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama láti ilé. Òun náà ló jẹ́ kí aláìsàn dé ilé ìwòsàn láàyè. Ó ní ẹ̀gbẹ́ òdì rẹ̀ pẹ̀lú: ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé, máṣìn dé ibẹ̀, oko kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igbó ọba tí ó yẹ kí igi gbà. Àwọn tí ń fẹ́ràn máṣìn wọn kì í sábà rántí apá yìí.

Owó náà kò pẹ́. Ní 1989 iye kòkó já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé, àwọn oníṣòwò àlejò sì pòórá bí wọ́n ṣe dé. Ìgbà yẹn ni orúkọ ọ̀kadà ń ràn ká Nàìjíríà bí iná ọyẹ́. Olóyè Gabriel Igbinedion, Ẹ̀sàmà Bìní, ni ó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ènìyàn fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú pe máṣìn akérò láti fi ṣẹ̀fẹ̀, nítorí ó ń fò kọjá láàárín ọkọ̀ tí ó há. Ọ̀kadà ìlú náà kò jìnnà sí òpópónà tí ó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní. Ará Ọ̀rẹ̀ ti mọ orúkọ yìí gẹ́gẹ́ bí ibùdókọ̀ kí ó tó di orúkọ iṣẹ́. Okada Air fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé kí ọ̀rúndún ogún tó parí. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń rìn nílẹ̀.

Ọ̀kadà gba ògo tirẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ nígbà tí òpópónà ńlá bàjẹ́. Láàárín 2005 sí 2010, kòtò ojú títì náà burú débi pé ọkọ̀ ń sùn sójú ọ̀nà. Ní 2007, Diezani Alison-Madueke tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ìrìnnà dé ibẹ̀, ó sì sunkún ní gbangba nígbà tí ó rí i. Omijé mínísítà di ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Èrò tí ó ní ìsìnkú tàbí ìdánwò lọ́jọ́ kejì kò lè dúró de omijé. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé báàgì lé orí táǹkì, ọlọ́kadà sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ igbó kọjá. Ohun tí àwọn èrò ńlá wọ̀nyẹn rí fún ọjọ́ kan ni ará aba ń rí látọjọ́ tí ó ti dáyé: pé níbi tí ìjọba kò bá ti ṣe ọ̀nà, máṣìn ni ọ̀nà.

Máṣìn tí wọ́n ń gùn nígbà náà kì í ṣe ti Japan mọ́. Ṣáínà ti gba ọjà. Jincheng láti Nanjing, tí ó ń ṣe irú Suzuki AX100 ní owó pọ́ọ́kú, ni ó kọ́kọ́ tàn káàkiri. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bajaj Boxer láti Íńdíà dé, tí Nàìjíríà sì di ọjà tí ó tóbi jù lọ fún Bajaj lẹ́yìn odi Íńdíà. Bákan náà ni ó rí ní Kutọnu, níbi tí àwọn zemidjan ti ń fi epo bẹntiróòlù tí wọ́n gbà láti Nàìjíríà kérò, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kò ríṣẹ́ sì wà lára wọn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Boxer kò dára. Ó lágbára, epo díẹ̀ ni ó ń mu, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìsọ̀. Ohun tí ó yí padà ni bí ó ṣe ń dé ọwọ́ ẹni. Ọlówó ń rà á, ó ń gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin pé kí ó máa jẹ́ iye báyìí wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi san ju iye ọjà lọ, kí ó tó di tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni máṣìn ti gbó kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tí ó ń sá fún gbèsè lórí ìjókòó rẹ̀ kò ní àyè láti so ìyẹ́ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí láti dúró ya àwòrán.

Iṣẹ́ náà kì í sì ṣe eré. Egungun tí ó ṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pe wọ́ọ̀dù eléegun ní ilé ìwòsàn mìíràn ní wọ́ọ̀dù ọ̀kadà. Òfin àṣíborí ti wà láti 1976, wọn kò tẹ̀ lé e. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fọwọ́ líle mú un ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní àríwá dé igbá àti ìkòkò mọ́ orí, àwòrán wọn sì yí ayé po. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà tí ń yin Honda ìgbà èwe wọn kò dé àṣíborí pẹ̀lú. Ọ̀nà wọn ṣófo, máṣìn wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sáré, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn ṣì fi wà láyé láti pìtàn.

Ní 2024 kòkó tún fọ́n fèrè. Nítorí àìsàn kòkó àti òjò tí ó ṣe ségesège ní Ghana àti Ivory Coast, iye tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní oṣù kẹta, ó sì kọjá 12,000 ní oṣù kejìlá ọdún náà, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tí igi rẹ̀ ṣì ń so gba owó tí bàbá rẹ̀ kò rí rí. Bí ènìyàn bá bi í léèrè ohun tí yóò kọ́kọ́ rà, kò ní ronú pẹ́. Boxer ni. Ọ̀nà aba ṣì wà bí ó ti wà, igi méjì ṣì dá lórí odò níbi púpọ̀. Yàtọ̀ kan wà ṣá: lọ́wọ́ kan ni yóò san án, orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lórí ìwé rẹ̀, inú yàrá ni yóò sì máa sùn.

Lẹ́yìn àwọn ilé kan ní Odìgbó, C70 àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ páànù, táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀, ike iwájú rẹ̀ ti là, adìẹ sì ti fi ìjókòó rẹ̀ ṣe ìtẹ́. Àwọn tí ń ra irin àlòkù a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a dá owó lé e. Àwọn ọmọ ilé a ní kí bàbá tà á kí àyè lè gbà. Bàbá a ní kí wọ́n fi sílẹ̀, adìẹ ṣì ń sàba.